Ojú Òkè, Ojú Apẹja: Bí Àwòrán Sátẹ́láìtì Ṣe Dé Etíkun Èkó

Oko Ọba kì í ṣe ìlú apẹja. Ẹran màlúù ni orúkọ rẹ̀ fi kàn ní Èkó, nítorí ọjà màlúù àti ibi ìpẹran ńlá tó wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé etí òkun ju ogún kilómítà lọ. Ojú irin, pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ilé iṣẹ́ rẹpẹtẹ àti ọ̀sà ló wà láàárín wọn. Ẹja tí ọ̀pọ̀ ilé ń sè ní Agége àti Ìkẹjà, ẹja yìnyín ni: títù, kótè àti pańlá tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti òkèèrè. Síbẹ̀, lónìí, ẹni tó jókòó sí Oko Ọba tí ó ní fóònù ìgbàlódé lọ́wọ́ lè wo gbogbo etíkun láti Àgbádárìgì títí dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Yóò rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ibi tí omi ti jìn, ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun. Bí ó bá fẹ́, ó lè ti ibẹ̀ yan ibi tí yóò lọ ju ìwọ̀ sí ní ọjọ́ Sátidé.

Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọmọ ogun àti ìjọba amúnisìn nìkan ló ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ìtàn bí ojú náà ṣe kúrò nínú àpótí ìjọba tí ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ará ìlú jẹ́ ìtàn tó yẹ kí a mọ̀, kì í sì í ṣe nítorí ẹja nìkan. Ohun méjì ni ojú òkè ń ṣe ní etíkun wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi ibi tí ẹja lè wà han apẹja. Ó sì ń fi ibi tí apẹja wà han ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Apẹja tí kò bá mọ àwòrán náà kà, ẹ̀yìn ni yóò máa gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti fi ṣe.

Kí Kámẹ́rà Tó Dé

Ó pẹ́ tí àwọn apẹja ti ń wá ibi gíga láti fi wo omi. Ní Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà láyé àtijọ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dúró lórí òkè etíkun, kí wọ́n máa ṣọ́ ìgbà tí agbo ẹja yóò pa àwọ̀ ojú omi dà. Bí wọ́n bá ti rí i, wọn yóò figbe ta, wọn yóò sì máa fi ọwọ́ júwe ibi tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yóò da àwọ̀n sí. Ilé kékeré tí irú àwọn olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ ń dúró sí ṣì wà ní ìlú Newquay títí di òní.

Etíkun Èkó kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn pẹrẹsẹ ni. Àwọn apẹja Ìlàjẹ, Àwórì àti Ẹ̀gùn, àti àwọn Ewe tó ti Gánà àti Tógò wá, fi àmì rọ́pò òkè ni. Wọ́n ń wo ẹyẹ òkun tó ń já lu omi, nítorí ẹyẹ kì í já lu omi lásán. Wọ́n ń wo ìlà tí omi aláwọ̀ erùpẹ̀ ti pàdé omi aláwọ̀ ewé. Wọ́n ń wo ìfófó funfun tó tò gẹ́gẹ́ bí okùn lójú omi, àti ibi tí ìgbì kò ti fọ́ nígbà tí ó ń fọ́ ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn tó ń fa àwọ̀n gígùn láti etíkun, tí ọkọ̀ kékeré yóò gbé àwọ̀n náà yípo inú omi kí ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó fà á gúnlẹ̀, mọ ibi tí yanrìn ìsàlẹ̀ ti tẹ́jú àti ibi tí òkúta tàbí igi rírì ti lè ya àwọ̀n mọ́ wọn lọ́wọ́.

Gbogbo àmì wọ̀nyí ni sátẹ́láìtì ń yàwòrán lónìí. Ohun tí kò lè yà ni ọdún pípẹ́ tí apẹja fi kọ́ wọn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kámẹ́rà Gòkè

Ọdún 1858 ni ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Nadar gbé kámẹ́rà sínú bàlúùnù tí ó sì ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè nítòsí Paris. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, yíya àwòrán láti inú ọkọ̀ òfurufú di iṣẹ́ ológun gidi. Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ́ ayé bí a ti ń fi àwòrán ka ìsàlẹ̀ omi etíkun.

Kí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ sí Normandy ní ọdún 1944, ó di dandan kí wọ́n mọ bí omi etíkun ibẹ̀ ṣe jìn tó, kí ọkọ̀ wọn má baà há sórí yanrìn. Àwọn ọ̀tá ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀pá wọn omi lójú mọmọ. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá ni pé wọ́n ń ya etíkun náà léraléra láti inú ọkọ̀ òfurufú, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárín àwòrán kan àti èkejì. Bí ìgbì bá ń sún mọ́ ilẹ̀, tí omi sì ń dínkù lábẹ́ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ á máa falẹ̀, ìgbì á sì máa sún mọ́ra. Ẹni tó bá wọn ìrìn ìgbì náà lórí àwòrán lè ṣírò bí omi ṣe jìn tó. Ìmọ̀ kan náà ni apẹja etíkun ń lò bí ó bá dúró lórí yanrìn tí ó ń wo ibi tí ìgbì ti ń wólulẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé òun kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn ogun náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń pa ẹja menhaden ní etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ òfurufú kéékèèké láti fi wá agbo ẹja. Awakọ̀ òfurufú yóò rí agbo náà láti òkè, yóò sì júwe rẹ̀ fún àwọn tó wà lójú omi. Olùṣọ́ orí òkè ti ní ìyẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ní ọdún 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa wọn ilẹ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso ní òkè òkun, wọ́n sì fi Martin Hotine, tó jẹ́ ológun, ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun òfurufú wọn, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní 82 Squadron, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ Lancaster tó ti ja ogun ya àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ya máàpù tí ìjọba fi la ọ̀nà, tí wọ́n fi pín ilẹ̀, tí wọ́n sì fi wá igbó àti ohun àlùmọ́ọ́nì.

A kò gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún apẹja. Inú ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni wọ́n wà. Apẹja tí ilé àti ọkọ̀ rẹ̀ hàn nínú àwòrán náà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ya òun. Bí ìtàn ojú òkè ṣe bẹ̀rẹ̀ ní etíkun wa nìyẹn: ẹni tí a ń wò kò mọ̀ pé a ń wo òun.

Láti Ojú Sánmà Dé Àtẹ́lẹwọ́

Ní ọjọ́ 23, oṣù keje, ọdún 1972, Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfurufú láti máa ya ilẹ̀ ayé. Ohun tí ó kéré jù tó lè dá mọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 80 mítà, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè rí ọ̀sà Èkó, kò lè rí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1978, sátẹ́láìtì Nimbus-7 gbé ẹ̀rọ kan lọ sókè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka àwọ̀ òkun. Ẹ̀rọ náà kò rí ẹja, kò sì sí sátẹ́láìtì tó ń rí i. Ohun tó rí ni àwọ̀ tí àwọn ewéko tíntìntín inú omi ń fún òkun. Ibi tí ewéko bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí, àwọn kòkòrò omi á wá jẹ ẹ́. Ẹja kéékèèké bíi sáwá á wá jẹ kòkòrò. Ẹja ńlá á sì tẹ̀lé sáwá.

Èyí ṣe pàtàkì ní ẹkùn wa. Lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù tó wà nísàlẹ̀ òkun máa ń rú sókè ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, ó sì máa ń gbé oúnjẹ ewéko wá sí ojú omi. Ìgbà náà ni sáwá máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń wọn ìgbóná ojú omi máa ń rí òtútù náà kedere. Ní etíkun Èkó, rírú omi tútù yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà náà kò jókòó. Ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NASRDA. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, wọ́n yin NigeriaSat-1 lọ sókè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Ilé iṣẹ́ kan ní Guildford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ. Ohun tó kéré jù tó lè dá mọ̀ jẹ́ mítà 32. Nígbà tí ìjì Katrina run ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn sátẹ́láìtì tó ya àwòrán àjálù náà. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, NigeriaSat-2 gòkè. Òun lè dá ohun tó fẹ̀ ní mítà 2.5 mọ̀. Ọkọ̀ apẹja tó gùn dáadáa lè hàn nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe sátẹ́láìtì ìjọba wa ló gbé àwòrán dé ọwọ́ ará Oko Ọba. Google Earth ló gbé e dé, láti oṣù kẹfà ọdún 2005. Ní ọdún 2008, Amẹ́ríkà sọ gbogbo àwòrán Landsat di ọ̀fẹ́, láti ti ọdún 1972 wá. Ní ọdún 2009, Google Earth gba èèyàn láyè láti padà sẹ́yìn nínú ọdún, kí ó fi àwòrán àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Láti ọdún 2015, sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù ń ya ilẹ̀ ayé. Nígbà tí èkejì rẹ̀ sì gòkè ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ibi bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwòrán tuntun ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ọ̀fẹ́ náà ni. Ohun tí ìjọba amúnisìn fi odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú wá, ọmọ iléèwé lè rí i báyìí kí ó tó jẹun àárọ̀.

Bí A Ti Ń Ka Etíkun

Ẹni tó fẹ́ fi ìwọ̀ tàbí àwọ̀n pẹja láti orí ilẹ̀ kò nílò láti rí ẹja nínú àwòrán. Ohun tó yẹ kí ó wá ni ibi tí ó yẹ kí ẹja wá. Ìlà funfun tó tò ní ẹ̀gbẹ́ etíkun ni ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lórí òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi. Bí ìlà funfun náà bá já lójijì, tí omi tó ṣókùnkùn sì wà ní àlàfo rẹ̀, ọ̀nà omi tó jìn ló wà níbẹ̀. Omi tí ìgbì dà sí etíkun ń gba ọ̀nà náà padà sí òkun, ó ń kó àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ti hú jáde nínú yanrìn lọ, ẹja ńlá a sì máa dúró dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀sà tàbí odò ti wọ òkun náà ṣe pàtàkì. Nínú àwòrán, omi aláwọ̀ erùpẹ̀ máa ń nà wọ inú òkun gẹ́gẹ́ bí èéfín, etí èéfín náà sì ni ẹja sábà máa ń rìn sí. Òkúta tí èèyàn tò sínú omi wà lára ibi tó yẹ kí a wò, nítorí nǹkan ń hù sára òkúta, ẹja ń jẹ ẹ́, ẹja mìíràn sì ń sápamọ́ sí àárín rẹ̀. Nínú omi ọ̀sà, iṣẹ́ ọwọ́ apẹja fúnra rẹ̀ hàn láti òkè. Ẹni tó bá wo adágún Nokoué ní Bẹ̀nẹ̀, nítòsí Ganvié, yóò rí àìmọye ìlà àti òrùka tí àwọn èèyàn fi ẹ̀ka igi gún sínú omi. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ẹja ń wọ inú igi náà láti sinmi àti láti jẹun, kí olówó rẹ̀ tó fi àwọ̀n yí i ká lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ṣùgbọ́n àwòrán lè ṣi èèyàn lọ́nà. Yanrìn etíkun kì í dúró sójú kan. Òkìtì tó hàn nínú àwòrán oṣù tó kọjá lè ti ṣí lọ lẹ́yìn ìgbì líle ọ̀sẹ̀ kan. Àwòrán tó wà lórí Google Earth lè ti pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n ya á ni ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Nígbà òjò, ìkùukùu a máa bo etíkun Èkó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, omi rẹ̀ a sì máa rú tó bẹ́ẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní hàn. Ewu tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà omi tó ṣókùnkùn, tí ẹja fẹ́ràn, òun náà ló ń wọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú òkun. Ẹni tó bá fi àwòrán rí i, kí ó dúró sórí ilẹ̀ ju ìwọ̀ sí i. Kí ó má ṣe wọ inú rẹ̀.

Ibi Tí A Rí Lánàá

Bí èèyàn bá fi àwòrán etíkun Èkó ti ọdún púpọ̀ wéra, ọ̀rọ̀ ẹja á yára di ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, ní ìlà oòrùn àti ní ìwọ̀ oòrùn, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìsí ewu. Ohun tí wọ́n fẹ́ náà ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni òkun ń gbé yanrìn rìn ní etíkun wa. Òkúta náà dá yanrìn dúró. Ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní apá ìwọ̀ oòrùn, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní apá kejì láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó bá ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lónìí yóò rí i pé etíkun méjèèjì kò tò lórí ìlà kan mọ́.

Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń da yanrìn sínú òkun níwájú Bar Beach láti fi kọ́ Eko Atlantic, pẹ̀lú ògiri tó gùn tó kilómítà 8.5 tí yóò dá òkun dúró. Nínú àwòrán, èèyàn lè rí ilẹ̀ náà bí ó ti ń yọ jáde láti inú omi. Lápá ìlà oòrùn, àwọn ará Òkun Alfa ń kígbe pé òkun ń jẹ ìlú wọn. Ìbéjú-Lẹ́kí ni èbúté ńlá Lekki wà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ibẹ̀ náà ni ilé ìfọpo Dangote wà, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Etíkun tí àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo agbègbè yìí. Iṣẹ́ àti owó lè ti ara àwọn ilé ńláńlá wọ̀nyí wá. Ṣùgbọ́n àwòrán tó fi ibi tí ó dára fún àwọ̀n hàn ní ọdún 2005 kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè fa àwọ̀n sí mọ́.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ Ayétòrò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1947 ni àwọn Ìlàjẹ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń pín èrè. Òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Lónìí, òkun ti gba ilé, ilé ìwé àti ojú ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó bá yí àwòrán Ayétòrò padà sẹ́yìn ní ọdún dé ọdún yóò rí ìlú tó ń sún sẹ́yìn níwájú omi.

Omi nìkan kọ́ ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ apẹja. Otodo Gbame jẹ́ ìlú apẹja Ẹ̀gùn ní etí ọ̀sà, ní agbègbè Lẹ́kí. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n wó o palẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì di aláìnílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé àwọn èèyàn náà kò bá òfin mu. Ìlú náà kò padà wá sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà kí ó tó di ọjọ́ náà, òrùlé rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ibẹ̀ kò fìgbà kan rí jẹ́ ìlú.

Ta Ni Ojú Òkè Ń Ríran Fún?

Òfin ẹja pípa lójú òkun tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1992 ka ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n léèwọ̀ láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun, ìyẹn kilómítà mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Ti àwọn apẹja kéékèèké ni omi náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn apẹja etíkun ti ń ráhùn pé àwọn ọkọ̀ ńlá ń wọlé lóru, wọ́n ń já àwọ̀n àwọn, wọ́n sì ń kó ẹja lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹ̀sùn wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu sì rọrùn láti dà nù.

Níbí ni ojú òkè ti lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Sátẹ́láìtì kan wà tó ń rí iná lójú omi lóru. Òmíràn ń fi rédà rí ọkọ̀, yálà ìkùukùu wà tàbí kò sí. Láti ọdún 2016 ni Global Fishing Watch ti ń gbé ìrìn àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá síta fún gbogbo ayé láti wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Ó fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ọkọ̀ apẹja ńlá ayé ni kò hàn lórí ètò tí gbogbo èèyàn fi ń tọpa ọkọ̀, àti pé etíkun Áfíríkà wà lára ibi tí èyí ti pọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ti wà lókè. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ni orí máa lò ó.

Àwọn ibòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Íńdíà, ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní INCOIS, ní Hyderabad, ń ka àwọ̀ àti ìgbóná òkun láti sátẹ́láìtì, ó sì ń sọ fún àwọn apẹja ní èdè wọn ibi tó ṣeé ṣe kí ẹja pọ̀ sí, kí wọ́n má baà jó epo dànù nínú wíwá kiri. Nítòsí wa, Yunifásítì Gánà ń ṣe irú máàpù bẹ́ẹ̀ fún etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ètò kan tí àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé kalẹ̀. Wọ́n ń fi ibi tí ẹja lè wà hàn, wọ́n sì ń fi ibi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà hàn lórí máàpù kan náà.

Èkó náà kò ṣaláìní àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ Mákòkó kọ́ láti fò dróònù lórí ìlú orí omi wọn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Code for Africa, kí ìlú tí máàpù kò fi gbogbo ara mọ̀ lè hàn lórí máàpù. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti ń wò láti òkè láti ìgbà amúnisìn di ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ojú náà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó tàn kálẹ̀ láti Àgbádárìgì dé Ayétòrò. Nàìjíríà ní NASRDA. Ó ní ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa òkun, NIOMR, tó wà ní Victoria Island láti ọdún 1975. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti sọ léraléra pé ẹja tí à ń pa nílé kò tó ìdajì ohun tí à ń jẹ. Kò yẹ kí ó ṣòro fún àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì láti máa fi àwòrán òkun ránṣẹ́ sí fóònù àwọn apẹja ní èdè Yorùbá, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, kí wọ́n sì gba àbọ̀ lẹ́nu wọn nípa ibi tí àwòrán ti sọ òótọ́ àti ibi tí ó ti kùnà. Apẹja ló mọ ohun tí àwọ̀ omi túmọ̀ sí. Bí a kò bá bi í, àwọ̀ lásán ni sátẹ́láìtì yóò máa yà.

Ohun kan sì wà tí àwọn apẹja kò ní láti dúró de ìjọba kí wọ́n tó ṣe. Àwòrán àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ wọn tó mọ fóònù lò lè jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ń fa àwọ̀n sí, gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ń yan ẹja, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn baba wọn fún un, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àwòrán sí i. Ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá dé pẹ̀lú katakata, tí ó sọ pé ilẹ̀ lásán ni, wọn yóò ní ohun tí wọn yóò gbé síwájú adájọ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu.